Ọdẹ Tí Kò Gbé Ìbọn

Oòrùn kò tíì yọ. Ọkọ̀ kan dúró sí ẹ̀bá adágún omi Bali, nínú igbó ìpamọ́ ẹranko Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ náà: ọ̀dọ́mọkùnrin onífọ́tò kan tí ó ti Kétu wá, àti àgbà amọ̀nà kan tí ó mọ igbó náà bí ẹní mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún ni, ẹ̀ẹ̀rùn sì mú gan-an. Koríko ti gbẹ, àwọn odò kéékèèké ti gbẹ. Ibi tí omi kù sí nìkan ni gbogbo ẹranko ń wá.

Agbo ẹgbin ni ó kọ́kọ́ dé. Wọ́n dúró, wọ́n gbé etí sókè, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ènìyàn dára bí ẹgbin. Lẹ́yìn wọn ni ìmàdò mẹ́ta sáré dé, ìrù wọn nà sókè bí ọ̀pá àsíá. Nígbà tí ó yá, láìsí ariwo kankan, erin méje yọ láti inú igbó. Abo àgbà kan ni ó ṣíwájú. Ọmọ kékeré kan ń rìn láàárín àwọn ẹsẹ̀ ńlá wọ̀nyẹn.

Onífọ́tò náà gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ayọ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé:

— Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ wọn díẹ̀ sí i.

Àgbà náà mi orí.

— Rárá o, ọmọ mi. Wo etí ìyá àgbà yẹn.

Erin náà ti na etí rẹ̀ méjèèjì gbalaja, ó sì kọjú sí ọkọ̀ wọn.

— Ohun tí ó ń sọ ni pé òun ti rí wa, kí a má ṣe kọjá ibi tí a wà. Bí a bá sún mọ́ wọn, wọn kò ní mu omi mọ́. Ọmọ kékeré yẹn á sì fi òùngbẹ padà sínú igbó. Ṣé fọ́tò kan tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé kámẹ́rà sórí itan rẹ̀. Àwọn méjèèjì dákẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Díẹ̀díẹ̀, etí erin àgbà náà rọ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ sí etí omi, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, omi náà sì ń dán bí idẹ. Ọmọ erin ki ẹnu bọ omi, nítorí kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ìjà mu ún. Nígbà náà ni onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀, tí ó ya fọ́tò mẹ́ta.

Àwọn erin mu omi tẹ́rùn. Wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Kò sí èyí tí ó sáré nínú wọn.

— Ṣé o rí i? ni àgbà náà wí. Bí wọ́n ṣe wá náà ni wọ́n ṣe lọ. O ti di ọdẹ.

Ẹni tí kò gbé ìbọn, tí kò sì pa ẹran, báwo ni ó ṣe di ọdẹ? Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé nìyẹn.

Ìbọn ni ó kọ́kọ́ dé

Inú èdè Swahili, tí wọ́n ń sọ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ọ̀rọ̀ náà «sàfárì» ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ìrìn-àjò». Lónìí, ẹni tí ó bá ń lọ sí sàfárì ń lọ wo ẹranko igbó. Ṣùgbọ́n ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òyìnbó tí ó bá ń lọ sí sàfárì, ìbọn ni ó sábà máa ń gbé lọ. Ní ọdún 1909, Theodore Roosevelt, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀, gúnlẹ̀ sí Mombasa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kenya lónìí. Ìrìn-àjò rẹ̀ parí ní Khartoum, ní ilẹ̀ Sudan, ní ọdún 1910. Òun àti Kermit ọmọ rẹ̀ fi ìbọn pa ẹran 512. Wọ́n kó awọ àti egungun púpọ̀ nínú wọn lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Washington.

Ní àkókò yẹn kan náà, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà dẹ igbó. Ọ̀kan nínú wọn ni Carl Georg Schillings, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ó ya fọ́tò ẹranko lóru ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Kámẹ́rà ìgbà náà wúwo, orí awo dígí ni fọ́tò sì ń wà. Láti rí ìmọ́lẹ̀ lóru, ó ní láti tan ẹ̀tù kan tí ó máa ń bú gbàù, tí ó sì ń kọ mànà. Ó tún máa ń so ẹran ọ̀sìn mọ́lẹ̀ láàyè kí kìnnìún lè wá bá a. Ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1905 kò fi nǹkan pamọ́: àkọlé rẹ̀ dárúkọ iná fọ́tò, ó sì dárúkọ ìbọn.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Shiras ti jẹ́ ọdẹ ìbọn tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó mú kámẹ́rà. Ó na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ojú ọ̀nà tí ẹranko ń gbà, ó sì so okùn náà mọ́ kámẹ́rà. Bí ẹranko bá fi ara kan okùn náà, iná á tàn, kámẹ́rà á sì ṣiṣẹ́. Ẹranko náà fúnra rẹ̀ ni ó ya fọ́tò ara rẹ̀! Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ jáde.

Ohun mẹ́rin tí ọdẹ ń kíyè sí

Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré wọ igbó. Ohun mẹ́rin ni ó máa ń kíyè sí. Ohun mẹ́rin yìí náà ni onífọ́tò ẹranko gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èkíní ni afẹ́fẹ́. Ọdẹ á bu erùpẹ̀ díẹ̀, á jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Bí erùpẹ̀ náà bá fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹran, òórùn ara ọdẹ ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Á yí ọ̀nà padà, kí afẹ́fẹ́ lè máa ti ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ wá bá òun. Erin kì í ríran jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ mọ ẹni tí ń bọ̀.

Èkejì ni àkókò. Ní ọ̀sán gangan, kìnnìún ń sùn lábẹ́ igi, ẹgbin sì wà lábẹ́ ibòji. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rìn. Àkókò wọ̀nyí náà ni ìmọ́lẹ̀ dára fún fọ́tò. Oòrùn wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì ń tàn sí ẹranko lójú. Ní ọ̀sán, oòrùn wà lókè orí, òjìji dúdú á sì bo ojú ẹranko náà.

Ẹ̀kẹta ni ìwà ẹranko. Bí erinmi bá la ẹnu gbàgà sí ọ, má ṣe rò pé oorun ni ó ń kùn ún. Ó ń fi eyín rẹ̀ hàn ọ́ kí o lè padà sẹ́yìn. Bí gbogbo agbo ẹgbin bá dẹ́kun koríko jíjẹ, tí wọ́n sì kọjú sí ibì kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí kìnnìún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ èdè yìí yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọ kámẹ́rà rẹ̀ sí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Onífọ́tò lè jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má rí ju fọ́tò kan tí ó dára lọ. Ó sì lè padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Lẹ́yìn ohun mẹ́rin yìí ni kámẹ́rà tó kàn. Kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ gùn máa ń fa ohun tí ó jìnnà wá sí tòsí, nítorí náà kò sí ìdí láti lé ẹranko kiri. Ṣùgbọ́n bí ojú náà bá ṣe gùn tó ni ọwọ́ tí ń gbọ̀n ṣe ń ba fọ́tò jẹ́ tó. Àwọn onífọ́tò ní ọgbọ́n kan tí kò wọ́n: wọ́n á rọ ẹ̀wà tàbí iyanrìn sínú àpò aṣọ kékeré, wọ́n á gbé e sí ojú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n á sì gbé kámẹ́rà lé e. Bí ẹranko bá ń sáré, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ la ojú kí ó sì dì í láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, kí fọ́tò má bàa rí ràkọ̀ràkọ̀. Ojú ẹranko náà ni ó gbọ́dọ̀ hàn kedere jù lọ, nítorí ojú ni ẹni tí ń wo fọ́tò kọ́kọ́ máa ń wò. Nínú igbó tí kìnnìún, erin àti ẹfọ̀n wà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àfi bí amọ̀nà bá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Fọ́tò lè ṣe ìpalára

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọn nìkan ni ó ń pa ẹranko, pé fọ́tò kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹranko kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní guépard. Ó jọ ẹkùn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, kò sì sí ẹranko mìíràn lórí ilẹ̀ tí ó lè sáré tó o. Ọ̀sán ni ó sábà máa ń ṣọdẹ, ìdí nìyí tí àwọn onífọ́tò fi ń wá a kiri. Ní Masai Mara, ní ilẹ̀ Kenya, bí awakọ̀ kan bá rí i, á pe èkejì. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á ti yí i ká. Ẹran tí ó fẹ́ pa á sá lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ á dúró pẹ̀lú ebi.

Àwọn onímọ̀ ka iye ọmọ tí àwọn ìyá guépard tọ́ dàgbà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì ìwádìí náà jáde ní ọdún 2018. Níbi tí ọkọ̀ àlejò kò pọ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan tọ́ ọmọ 2,3 dàgbà ní ìpíndọ́gba. Níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ gan-an, 0,2 péré ni. Èyí ni pé bí a bá kó ìyá mẹ́wàá jọ, ọmọ 23 ni yóò dàgbà ní ibi àkọ́kọ́, ọmọ 2 ni yóò dàgbà ní ibi kejì. Kò sí ẹni tí ó yìnbọn. Fọ́tò ni gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wá yà, gbogbo wọn ni ó sì fẹ́ràn ẹranko náà.

Ìpalára mìíràn tún wà. Fóònù òde òní lè kọ ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fọ́tò náà, láìjẹ́ pé ẹni tí ó yà á mọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọ̀daràn ń pa àgbáǹréré nítorí ìwo rẹ̀. Bí àlejò bá fi fọ́tò àgbáǹréré ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lónìí, ọ̀daràn lè ti ibẹ̀ mọ ọ̀nà. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn àlejò níbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Fọ́tò lè gba ẹranko là

Ọgbọ́n okùn ti Shiras kò parun. Lónìí, a lè so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ ara igi nínú igbó, kí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò nílò okùn mọ́. Bí ẹranko tí ara rẹ̀ gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀, ó mọ̀, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí ènìyàn níbẹ̀ tí yóò dẹ́rù ba ẹranko náà.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ẹkùn. Gẹ́gẹ́ bí ìlà ọwọ́ ènìyàn méjì kò ti rí bákan náà, àmì ara ẹkùn méjì kò rí bákan náà. Bí fọ́tò mẹ́wàá bá dé, onímọ̀ á wo àmì ara wọn, á sì mọ̀ bóyá ẹkùn mẹ́wàá ni tàbí ẹkùn kan ṣoṣo tí ó kọjá nígbà mẹ́wàá.

Kíkà yìí ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé kìnnìún tí ó kù ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kìnnìún náà wà nínú igbó W, Arly àti Pendjari, tí ó so pọ̀ mọ́ ara wọn ní ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO fi Pendjari àti Arly kún ohun àjogúnbá gbogbo ayé, pẹ̀lú igbó W. Ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó ní kò lè mọ̀ nígbà tí ó bá ń dínkù.

Irú òwúrọ̀ tí onífọ́tò Kétu náà rí ní Bali kò rọrùn láti rí mọ́. Láti ọdún 2019, àìsí àlàáfíà ní ẹ̀bá ààlà ti mú kí àlejò ṣọ̀wọ́n nínú igbó Pendjari. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kan ti kú lẹ́nu iṣẹ́ wọn ní agbègbè náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń dàgbà ní Benin lónìí kò tíì fi ojú ara wọn rí erin tí ó wà ní orílẹ̀-èdè wọn. Fọ́tò ni ó ń sọ fún wọn pé ó wà.

Àwọn àgbà ní: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọdẹ kámẹ́rà náà ń rí ìṣẹ́, ó sì ń rí ìyà: oòrùn, eruku, òùngbẹ àti ọjọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú bọ̀ láti inú igbó, gbogbo ayé lè pín nínú rẹ̀ kí ó má tán. Bí ó bá sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹranko náà ṣì wà láàyè, ó ń mu omi rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé a mú ohunkóhun lọ́wọ́ òun.

Kò di ìgbà tí ènìyàn bá dé Pendjari kí ó tó kọ́ iṣẹ́ yìí. Alángbá wà lára ògiri, ẹyẹ ẹ̀gà wà lórí ọ̀pẹ, lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù nínú pápá. Ọmọ tí ó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ títí alángbá yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, bí kò tilẹ̀ ní kámẹ́rà.

Ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́

1. Kí ni erin àgbà fi etí rẹ̀ sọ? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ náà bá sún mọ́ wọn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sàfárì Roosevelt àti ti onífọ́tò Kétu?
3. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ọdẹ àti onífọ́tò ń kíyè sí. Èwo ni ó ṣòro jù lójú rẹ? Kí nìdí?
4. Níbi tí ọkọ̀ àlejò ti pọ̀ gan-an, ìyá guépard mélòó ni a ó kó jọ kí a tó rí ọmọ 10 tí ó dàgbà?
5. Báwo ni onímọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹkùn kan ṣoṣo ni ó kọjá nígbà mẹ́wàá?
6. Ẹ ṣe àríyànjiyàn ní kíláàsì: ṣé ó yẹ kí a dín iye ọkọ̀ tí ń wọ igbó kù, bí owó tí àlejò ń mú wá bá tilẹ̀ dínkù?
7. Bi àgbà ọdẹ kan ládùúgbò rẹ léèrè bí ó ṣe ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kọ ohun tí ó sọ ní gbólóhùn márùn-ún.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Jókòó sí ibì kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsọ̀rọ̀. Yan ẹyẹ tàbí ẹranko kékeré kan. Ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé rẹ, kí o sì kọ ohun tí ó ṣe. Ṣé ó mọ̀ pé o wà níbẹ̀? Báwo ni o ṣe mọ̀?

Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀kọ́ ní èdè Yorùbá àti Faransé

erin : l'éléphant
erinmi : l'hippopotame
kìnnìún : le lion
ẹkùn : le léopard
ẹfọ̀n : le buffle
ẹgbin : l'antilope
ìmàdò : le phacochère
àgbáǹréré : le rhinocéros
amọ̀nà : le guide
ẹ̀ṣọ́ igbó : le garde forestier
ẹ̀ẹ̀rùn : la saison sèche
ya fọ́tò : prendre une photo